Orúkọ Ìkẹ́ Lára Obìnrin ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù

Ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, àwọn ìlú tó tò tẹ̀ lé ara wọn lójú ọ̀nà Òṣogbo sí Ọ̀fà, obìnrin lè pẹ́ láyé kí ó má fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Lẹ́nu ìyá rẹ̀, Àbẹ̀kẹ́ tàbí Àjọkẹ́ ni. Lọ́jọ́ tó wọ ilé ọkọ, ó di ìyàwó. Bó bá bímọ, ó di Ìyá Lágbájá. Bó bá ń tajà, ọjà tó ń tà ni wọ́n á fi máa pè é. Bó bá lówó lọ́wọ́, Àlájà ni, ìbáà dé Mẹ́kà, ìbáà má dé ibẹ̀. Àwọn ará ìgboro ti wá fi sisí, àǹtí àti bébì lé e. Àríyànjiyàn tó ti pẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí onítáàsì àti ọlọ́jà ti ń fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ pe obìnrin tí wọn kò rí rí, ti ń dé ìhín náà: ṣé ìkẹ́ ni irú ìpè bẹ́ẹ̀, àbí rírẹ obìnrin sílẹ̀ nítorí pé ó jẹ́ obìnrin? Àmọ́ inú agbo ilé ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ ní ìlú mẹ́ta yìí, ẹnu àwọn obìnrin fúnra wọn ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn orúkọ ìkẹ́ ti ń jáde.

Oríkì ló ṣáájú. Oríkì ibí yìí yàtọ̀ sí oríkì orílẹ̀ gígùn tí wọ́n ń kì fún ìdílé. Ẹyọ orúkọ kan ni, tí ìyá àti ìyá àgbà fi ń pe ọmọ nígbà tó bá kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, tàbí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí ó ṣe iṣẹ́ tí ara rẹ̀ kọ̀. Àlùfáà Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí wọn kò rí i tẹ̀ jáde títí di 1921, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ti ṣàkíyèsí pé oríkì ọkùnrin máa ń sọ̀rọ̀ akin, nígbà tí ti obìnrin máa ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́ tàbí ìyìn. Ọkùnrin ń jẹ́ Àjàní, Àjàgbé, Àjàmú; obìnrin ń jẹ́ Àṣàkẹ́, Àmọ̀kẹ́, Àyìnkẹ́, Àníkẹ́. Kì í ṣe pé gbogbo oríkì ló tẹ̀ lé ìlà yìí, nítorí Àlàbí àti Àkànbí kò ní ìjà kankan nínú. Síbẹ̀, ẹni tó bá jókòó ní agbo ilé ní Òkukù tó fetí sí bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ọmọ yóò rí i pé ọmọkùnrin ti wà lójú ogun kó tó mọ ìrìn, tí ọmọbìnrin sì jẹ́ ohun tí wọ́n tọrọ láti kẹ́.

Ó yẹ kí èèyàn ṣọ́ra níbí. Àbẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń kẹ́ yìí náà ló ń pọn omi, tó ń gún ẹ̀gúsí, tó ń ru ẹrù dé ọjà, tó sì ń fi owó ara rẹ̀ ra aṣọ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ìkẹ́ inú orúkọ rẹ̀ kò sọ ọ́ di ẹni tí kò lè ṣe nǹkan kan. Ní 1996, Peter Glick àti Susan Fiske, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, gbé èrò kan jáde pé ọ̀nà méjì ni àwọn èèyàn fi ń fojú tín-ín-rín obìnrin: ọ̀kan ń bú u, èkejì ń kẹ́ ẹ bí ẹyin tí kò gbọdọ̀ já bọ́. Ìwádìí tí àwọn àti ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ní orílẹ̀-èdè 19, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2000, tí Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀, fi hàn pé ibi tí ọ̀kan bá ti fìdí múlẹ̀ ni èkejì ti ń fìdí múlẹ̀. Àlàyé náà wúlò fún ọ̀rọ̀ ìgboro òde òní. Fún oríkì Òkukù, kò rọrùn láti lò, nítorí pé nínú agbo ilé, ìkẹ́ àti iṣẹ́ jọ ń rìn ni.

Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé Òkukù láàárín 1974 sí 1977, tó sì kọ ìwé ńlá kan nípa oríkì ìlú náà tó jáde ní 1991, rí i pé obìnrin ló ń ṣe àkóso oríkì kíkì níbẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé àti àwọn ọmọ ilé lóbìnrin ló ń kì í níbi òkú, níbi ìgbéyàwó àti níbi ọdún. Akígbe tó mọṣẹ́ bíi Ṣàngówẹ̀mí sì ń ti ilé dé ilé kiri. Orúkọ àwọn ọkùnrin ńláńlá ló kún ẹnu wọn jù. Oríkì tó jẹ́ ti obìnrin kan gan-an, tó sọ ìwà àti ìṣe rẹ̀, kò pọ̀ tó ti ọkùnrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ọlọ́rọ̀ ti wà ní ìlú náà tipẹ́. Nǹkan kan wà nínú èyí tí kò ṣeé fojú fò: àwọn tó ní ẹnu láti gbé èèyàn ga kò fi bẹ́ẹ̀ lò ó fún ara wọn.

Àyè kan ṣoṣo wà tí ọmọbìnrin ti ń pe ara rẹ̀ láìtijú. Èyí ni rárà ìyàwó, tí àwọn ará ibòmíràn ń pè ní ẹkún ìyàwó. Kí ó tó di pé wọ́n sìn ín lọ, ìyàwó ọ̀la yóò máa yí ìlú ká pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, á kí bàbá, á kí ìyá, á kì oríkì ìdílé rẹ̀, á yangàn nípa ilé tí wọ́n ti bí i, á sì máa sọ ẹ̀rù tó ń bà á. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò wọ ilé tí kò ti ní orúkọ mìíràn ju ìyàwó lọ.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ orúkọ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Gbogbo ẹni tí wọ́n bí sínú ilé náà ṣáájú ọjọ́ tí ó dé ni ọkọ rẹ̀, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́, ìbáà ṣe ọmọbìnrin. Kò gbọdọ̀ pe ọ̀kankan nínú wọn lórúkọ. Ó ní láti wo oníkálukú dáadáa, kí ó sì wá orúkọ tí yóò dùn mọ́ ọn nínú. Ẹni tó dúdú tí ara rẹ̀ ń dán a di Adúmáadán. Ẹni tó pọ́n a di Apọ́nbéporé. Ọmọbìnrin onídìí rèǹtè-rente a di Ìbàdíàrán, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ a di Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, èyí tí eyín rẹ̀ funfun a di Eyínfúnjowó. Ọmọ tó bá bàbá àgbà rẹ̀ jọ ni Baba Kékeré. Nígbà tí ilé ìwé dé, Akọ̀wé pọ̀ káàkiri agbo ilé, títí kan àwọn tí kò ju kíláàsì kejì lọ. Ìyàwó mìíràn tó bá tún dé lè fún ẹni kan náà ní orúkọ tirẹ̀, débi pé èèyàn kan lè ní orúkọ ìkẹ́ bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ó sì máa jẹ́ gbogbo wọn títí yóò fi darúgbó. Ìyàwó tó gbọ́n mọ bí a ṣe ń fi orúkọ dídùn sọ òótọ́ kíkorò: ó lè pe ọmọ tó ń sá fún iṣẹ́ ní Alágbára, kí gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, kí ọmọ náà má sì rí ohun tó máa bínú sí.

Lórí àṣà yìí ni Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, gbé apá kan àlàyé rẹ̀ kà nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1997. Ó ní ọjọ́ orí àti ẹni tó ṣáájú wọ ilé ni Yorùbá ń wò, kì í ṣe akọ tàbí abo, nítorí obìnrin tí wọ́n bí sínú ilé náà ń jẹ́ ọkọ fún ìyàwó ilé. Òótọ́ ni pé ọmọ ọdún mẹ́wàá lóbìnrin lè gba ìkúnlẹ̀ àti orúkọ ìkẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó tó ti lè bí i. Àmọ́ àwọn onímọ̀ mìíràn kò gbà pẹ̀lú rẹ̀, ìlú mẹ́ta yìí sì fún wọn ní ẹ̀rí díẹ̀. Ọkùnrin kò kúrò nílé bàbá rẹ̀ láti lọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa orúkọ jọ fún àwọn ọmọ ilé ìyàwó rẹ̀. Ó ń dọ̀bálẹ̀ fún àna, ó ń fi iṣẹ́ oko àti ẹ̀bùn sìn wọ́n, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ilé ara rẹ̀ ló máa ń padà sùn. Gbèsè ọ̀rọ̀ dídùn lójoojúmọ́, obìnrin ló ń san án, nítorí òun ló ṣí wá. Obìnrin kan náà á sì gba tirẹ̀ padà nígbà tó bá lọ sílé bàbá rẹ̀, níbi tí àwọn ìyàwó ti ń kúnlẹ̀ fún un.

Láàárín tọkọtaya, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kò pọ̀ ní gbangba. Olówó orí mi ni ìyàwó ń pe ọkọ, ọkọ a máa pè é ní Ìyá Lágbájá. Bí ó bá pè é ní Àbẹ̀kẹ́ létí àwọn èèyàn, á jẹ́ pé inú rẹ̀ dùn gan-an, tàbí pé ó fẹ́ tọrọ nǹkan. Ọkùnrin tó ń fi ìkẹ́ pe aya rẹ̀ lójú àwọn ìyá ọkọ ń wá ẹ̀sín, wọ́n á ní obìnrin ti gbà á lọ́kàn.

Ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún da agbo ilé rú. Àwọn ará Òkukù sá lọ sí Ìkìrun nígbà tí ogun Ìlọrin ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n sì gbé ibẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó padà sílé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù November 1878, nítòsí Ìkìrun, ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ti ṣẹ́gun Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Ìlá nínú ogun Jálumi. Irú ogun bẹ́ẹ̀ máa ń kó obìnrin lẹ́rú, àwọn jagunjagun sì ń sọ díẹ̀ nínú wọn di aya. Aya tí wọ́n kó lógun kò ní ará ilé nítòsí tí yóò kì í, kò sì ní ilé bàbá tí yóò lọ gba ìkúnlẹ̀ tirẹ̀. Orúkọ tí ẹni tó mú un bá fún un, bó ti wù kó dùn tó, kò ní ẹ̀san.

Rélùwéè dé Òṣogbo ní 1907, kò sì pẹ́ tó fi gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí ìhà Ìlọrin. Ọ̀nà yìí gbé kòkó lọ, ó sì gbé àlejò àti ọ̀rọ̀ tuntun wá. Obìnrin tó kàwé, tó wọ gáùn, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí tíṣà, kò bá ìpele àtijọ́ mu: kì í ṣe ìyàwó ilé ẹni, kì í ṣe ọmọ ilé ẹni. Sisí ni wọ́n ń pè é, tàbí àǹtí, tàbí mísìsì bó bá jẹ́ aya àlùfáà. Ọ̀wọ̀ wà nínú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, owú díẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì mú sísítà àti mọ́mì wá, mọ́ṣáláṣí mú Àlájà wá, pàápàá ní Ìkìrun tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti rinlẹ̀.

Ohun tó yí padà níbí ju ọ̀rọ̀ lọ. Nínú agbo ilé, ẹni tó pè ọ́ mọ ẹni tó bí ọ, ìwọ náà sì mọ ohun tó jẹ ọ́. Ní gáréèjì, awakọ̀ kò mọ nǹkan kan bẹ́ẹ̀. Bí bàbá àgbà bá pe ọmọ ọmọ rẹ̀ ní “ìyàwó mi”, eré ilé ni. Ìyá àgbà náà ń pe ọmọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní “ọkọ mi”, ọmọ yóò sì béèrè owó àkàrà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ọlọ́kadà ọmọ ogún ọdún bá gbé “ìyàwó mi” kan náà sọ sí obìnrin tó ń kọjá, eré ti kúrò níbẹ̀. Àwọn obìnrin mọ ìyàtọ̀ náà láìjẹ́ pé ẹnì kan ṣàlàyé fún wọn, arọ́pò orúkọ ni wọ́n sì fi ń dá a mọ̀ jù. “Àǹtí, ṣé ẹ máa wọkọ̀?” kò bí ẹnikẹ́ni nínú. “Sisí, o rẹwà o,” láti ẹnu ẹni tó yẹ kó lo “ẹ”, lè mú kí wọ́n ṣépè.

Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí ìjọba gómìnà Ọlágúnsóyè Oyinlọlá, ọmọ Ọlọ́kukù Moses Oyinlọlá tó jọba láàárín 1934 sí 1960, dá sílẹ̀ ní 2006, ní ọgbà kan ní Òkukù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ibi gbogbo wá kó bébì àti díà wọ ìlú, wọ́n sì ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀ láìkà á sí. Kì í ṣe láàárín ara wọn ni ọ̀rọ̀ ti ń le. Ọ̀rọ̀ ìkẹ́ láti ẹnu olùkọ́ tó ní máàkì lọ́wọ́ kò rí bákan náà. Nígbà tí Ilé Aṣòfin Àgbà ní Àbújá fọwọ́ sí àbá òfin lórí ìfìbálòpọ̀-yọni-lẹ́nu ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ní July 2020, wọ́n ka sísúfèé sí akẹ́kọ̀ọ́, ṣíṣẹ́jú sí i, àti ìyìn nípa ìrísí ara rẹ̀ mọ́ ohun tí olùkọ́ kò gbọdọ̀ ṣe. Ìyìn ẹwà tí ìyàwó ilé fi ń dá orúkọ fún àwọn ọkọ rẹ̀, òun náà ni àbá òfin náà fẹ́ kà léèwọ̀ fún olùkọ́. Kò sí ìtakora nínú méjèèjì, nítorí ìyàwó ilé ń ti ìsàlẹ̀ pe òkè, olùkọ́ ń ti òkè pe ìsàlẹ̀.

Ní ọjà, obìnrin ṣì ni ọ̀gá ọ̀rọ̀ dídùn. Aláṣọ ní Ìkìrun a máa pe oníbàárà ọkùnrin ní ọkọ mi, á pe obìnrin ní ìyàwó wa tàbí mọ́mì, á sì gbówó lé ọjà bó ṣe ń pè wọ́n. Orúkọ ìyàwó ilé ni ó ń lọ sílẹ̀ jù. Tọkọtaya púpọ̀ ti ń gbé ilé àyágbé ní Òṣogbo tàbí Èkó, ìyàwó kì í rí àwọn ọmọ ilé ọkọ àfi lọ́jọ́ ọdún tàbí ọjọ́ òkú. Bọ̀dá Ṣẹ́gun àti Àǹtí Fúnmi ló ń pè wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì retí ju bẹ́ẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá àgbà kan ṣì lè béèrè níbi ayẹyẹ pé kí ni ìyàwó tuntun sọ òun.