Gammalin 20: oògùn tó gba kòkó là, tó tún ba odò wa jẹ́

Ìtàn la fẹ́ sọ lónìí, torí bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ló ń wò.

Nígbà tí kòkó ń mówó wọlé dáadáa nílẹ̀ Yorùbá, kòkòrò kan wà tó máa ń fa omi ara ẹ̀ka tútù àti èso kòkó. Ibi tó bá fẹnu kàn á dúdú, ẹ̀ka á gbẹ. Láàárín ọdún 1950 sí 1960 ni Gammalin 20 dé. Bí a bá pò ó mọ́ omi, á funfun bíi wàrà. Àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ló kọ́ àwọn bàbá wa bí wọn ṣe ń fín in. Ó ṣiṣẹ́, a ò ní parọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa, owó kòkó yẹn ló rán wa níléèwé.

Orúkọ kẹ́míkà tó wà nínú ẹ̀ ni lindane. Ọ̀gbẹ́ni Michael Faraday ló kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀ ní London lọ́dún 1825, ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bí ọdún 1940 kí wọ́n tó mọ̀ pé ó ń pa kòkòrò. Kábọ́ọ̀nù mẹ́fà ló dì mọ́ra bí òrùka nínú ẹ̀, kílórìnì kan sì so mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìsopọ̀ yẹn le. Ohun tó ń jẹ́ kí ewé jẹrà nínú ilẹ̀ kì í tètè rí i tú. Kò fẹ́ràn omi, ọ̀rá ló fẹ́ràn. Bó bá wọ odò, inú ọ̀rá ẹja ló ń sá sí. Ẹni tó bá jẹ ẹja náà, ó wọ ọ̀rá tiẹ̀ náà nìyẹn, ó sì lè dé inú omi ọmú ìyá ọlọ́mọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá bàjẹ́ nìyí: àwọn kan gbé Gámálìn kúrò lóko, wọ́n fi ń pẹja. Wọ́n á dà á sódò lóru, tílẹ̀ bá mọ́, ẹja á ti léfòó. Àtẹja ńlá, àtọmọ ẹja, àtedé, gbogbo ẹ̀ ló ń kú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kí lapẹja fẹ́ rí pa?

Ẹ̀yin ará Ẹ̀gbá, ẹ rò ó wò. Odò Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ìdídò rẹ̀ lọ́dún 1983, inú odò Ògùn ló ń ṣàn sí. Odò Ògùn yìí ni wọ́n ti ń fa omi ní Arákàńgà fún ará Abẹ́òkúta, Èkó náà sì ń mu nínú ẹ̀. Ẹni tó da májèlé sókè odò, ará ìsàlẹ̀ ló bu fún.

Lọ́dún 2009, àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí àdéhùn Stockholm fi lindane kún ohun tí wọn ò gbọ́dọ̀ lò lóko mọ́. Nàìjíríà wà nínú wọn. NAFDAC náà fòfin dè é. Láti 2008 sì ni Europe ti ní òté kan náà lórí ìwọ̀n oògùn tó gbọ́dọ̀ wà lára kòkó tó bá wọlé síbẹ̀. Bó bá kọjá ìwọ̀n, wọ́n lè dá a padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ra kòkó, owó yín ló wà níbẹ̀.

Nítorí náà, bí ògbólógbòó ìgò Gámálìn bá ṣì wà lábà, ẹ má fín in, ẹ má dà á sódò, ẹ má sì dáná sun ún. Ẹ dé e pinpin, ẹ gbé e síbi tọ́wọ́ ọmọdé ò tó, kẹ́ ẹ pe òṣìṣẹ́ OGADEP. Oògùn tuntun tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, kẹ́ ẹ ka ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ pé kẹ́ ẹ tó kórè. Ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́ja, bí ẹja bá pọ̀ yanturu tó sì pọ́ọ́kú láìnídìí, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe pa á. Fífọ̀ ò lè yọ ohun tó ti wọnú ọ̀rá.

Àwọn bàbá wa ò mọ̀. Àwa ti mọ̀. Ẹ bá wa sọ fún ará oko tí kò ní fóònù.