Tiransifọ́mà Àdúgbò ní Ìsàlẹ̀ Èkó: Bí A Ṣe Ń Gbé E Kalẹ̀ Láìséwu

Tiransifọ́mà àdúgbò ni ẹ̀rọ tó ń gba iná 11,000 tàbí 33,000 fóltì lọ́wọ́ wáyà ńlá, tó ń sọ ọ́ di 415 fóltì fún àwọn tó ń lo fésì mẹ́ta pọ̀, àti 240 fóltì fún ilé tó ń lo ẹyọ kan. Nínú àwọn tó wọ́pọ̀ l'Ékòó ni 300 kVA àti 500 kVA. Bí 500 kVA tó ń gba 11,000 fóltì bá ń ṣiṣẹ́ dé ojú ìwọ̀n, bíi ámpíà 26 ló ń wọlé lórí fésì kọ̀ọ̀kan, bíi 695 ló sì ń jáde. Ó wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ dáadáa, ọgọ́rọ̀ọ̀rún lítà ọ́ìlì ló sì wà nínú rẹ̀, ọ́ìlì tó lè gbiná. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ìgbà tí wọ́n bá tan án ni ewu rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, kí ẹnikẹ́ni tó tan án rárá ni ọ̀rọ̀ ààbò rẹ̀ ti máa ń yanjú tàbí kó bàjẹ́: lórí ilẹ̀ tí wọ́n gbé e lé, bí wọ́n ṣe gbé e débẹ̀, àti àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe sí i. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ilẹ̀ ló le jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọdún 1896 ni iná mọ̀nàmọ́ná ti dé Èkó, ṣùgbọ́n àwọn òpópónà tó yí Ìga Ìdúngànràn, ìyẹn ààfin Ọba Èkó, ká ti wà ṣáájú rẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ àti aláàárù ni wọ́n là wọ́n fún. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri, tó jà ní 1924, ìjọba dá àjọ Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928. Ní 1955, àjọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín Èkó, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ onílé lọ sí Sùúrùlérè. Iṣẹ́ náà kò dé ibi gbogbo. Níbi tí kò dé, ilé ṣì fara ti ilé, ìsọ̀ sì fara ti ilé. Ìdí nìyẹn tí tiransifọ́mà fi ń dúró sétí títì ní Ìdúmọ̀tà àti Ìdúmàgbò, tí àwọn ọlọ́jà ń so tapólì mọ́ irin tó yí i ká. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, àgbàrá máa ń bo títì lásìkò òjò, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ láti ọ̀sà sì ń jẹ irin.

Gbígbé e débẹ̀ ló kọ́kọ́ ń fi ẹni tó mọṣẹ́ hàn. Ìkọ́ irin tí wọ́n jó mọ́ ara táǹkì nìkan ni a ń so okùn kírénì mọ́. Ẹni tó bá so ó mọ́ búṣìn tánganran orí rẹ̀ ti ba ẹ̀rọ jẹ́ kó tó kúrò nílẹ̀. Òró ni tiransifọ́mà gbọ́dọ̀ wà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ dúró sábẹ́ rẹ̀. Apá kírénì kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ wáyà tí iná wà lórí rẹ̀. Nínú àdúgbò tí wáyà ti gba ojú ọ̀run kan, àfi kí wọ́n pa iná fídà, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná wá sí àdúgbò, pátápátá, kí wọ́n sì so ó mọ́ ilẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìpìlẹ̀ kọnkéré, tó gbọ́dọ̀ ga ju ibi tí àgbàrá máa ń dé lọ. Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n dà yí i ká ń gba ọ́ìlì tó bá jò kó má bàa tàn kálẹ̀, ó sì ń dín iná tó lè gba ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ kọjá kù. Áàtì, ìyẹn bàbà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, gbọ́dọ̀ gba ìdánwò. Wọ́n á yẹ ọ́ìlì wò: ọ́ìlì tuntun gbọ́dọ̀ lè kojú 30 kV, ó kéré tán, láàárín irin méjì tí àlàfo wọn jẹ́ mílímítà 2.5. Wọ́n á wo hóró sílíkà inú ìgò kékeré tí tiransifọ́mà fi ń mí. Èyí tó wọ́pọ̀ máa ń ní àwọ̀ búlúù bó bá gbẹ, á sì pọ́n rúsúrúsú bó bá ti mu omi. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá pé, àwọn olùyẹ̀wò NEMSA, àjọ tí òfin ọdún 2015 gbé iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́, á fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á tan án láì tíì so ilé kankan mọ́ ọn, wọ́n á sì tẹ́tí sí ohùn rẹ̀.

Àwọn kan á ní tuntun láti iléeṣẹ́ kò nílò gbogbo èyí. Ìwé iléeṣẹ́ kò lè jẹ́rìí sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́nà. Gbígbọ̀n lórí títì tó bàjẹ́ lè yẹ irin inú rẹ̀ kúrò nípò. Àwọn mìíràn á ní kò sí àyè ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àtakò tó lágbára jù lọ nìyí. Síbẹ̀, a ní irú èyí tí wọ́n kó tiransifọ́mà, ṣúìtì àti àpótí fíùsì rẹ̀ pọ̀ sínú àpótí irin kan tó ṣeé tì pa. A tún ní èyí tí kò ní ọ́ìlì rárá, tó ṣeé gbé sínú ilé. Owó wọn ga, òótọ́ ni. Àmọ́ nígbà tí ọjà Balógun jóná ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ohun yòówù tó fà á, ọ̀nà tóóró ṣòro fún ọkọ̀ panápaná. Ibi tí panápaná kò ti lè tètè dé kì í ṣe ibi tó yẹ ká kó ọ́ìlì sí láìsí odi àti àyè tó tó.

Ẹ̀dùn ọkàn ló wà nínú àtakò kẹta: àdúgbò ti wà nínú òkùnkùn fún oṣù púpọ̀, owó ara wọn ni wọ́n dá, ṣé wọ́n á tún máa dúró de ìwé? Mo gbọ́ wọn. Ìlànà tí NERC, àjọ tó ń ṣàmójútó ètò iná mọ̀nàmọ́ná lórílẹ̀-èdè, gbé jáde ní 2015 fàyè gbà á nígbà náà pé kí ará àdúgbò bá iléeṣẹ́ apínnáká tọwọ́ bọ̀wé kí wọ́n tó ra nǹkan, kí owó wọn lè padà. Ìkánjú ló tún ń jẹ́ kí àwọn kan fi wáyà lásán rọ́pò fíùsì tó jó, tí gbogbo ilé á sì yí bọ́tìnnì lọ sórí fésì kan ṣoṣo tó ń tàn. Nígbà náà, kò sí ohun tó máa dá iná àpọ̀jù dúró mọ́ àfi tiransifọ́mà fúnra rẹ̀, bó bá jó.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ onílé àti ẹ̀yin ìyálọ́jà, kí ẹ tó san owó tó kù fún agbaṣẹ́ṣe, ẹ ní kó fi ìwé NEMSA hàn yín, kí àwọn ìsọ̀ tó fara ti odi rẹ̀ sì ti kúrò níbẹ̀ kí iná tó dé.