Ìwé Ìwọlé Kì í Ṣe Ìwé Ìjókòó

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kì í tán lẹ́nu àwa ará Ìsàlẹ̀ Òsì. Láti ọdún 1976 tí Shooting Stars tiwa n'Íbàdàn ti lu Tonnerre ti Yaoundé, tí wọ́n gba ife Áfíríkà wálé, ni ọ̀rọ̀ à ń lọ wo bọ́ọ̀lù lókèèrè ti wọ̀ wá lára. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ìtàn á kọ́kọ́ bèèrè pé: ìwé ńkọ́?

Ní ọjọ́ 29 oṣù May, 1979, àwọn ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wà nínú ẹgbẹ́ ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Dakar: kí ọmọ ìlú kan máa wọ ìlú kejì láìgba físà, bó bá ṣáà ti ní ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá àti ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àdéhùn yìí ló jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ wo àṣekágbá Nàìjíríà àti Côte d'Ivoire ní Abidjan, ní oṣù February 2024, lè gba Sẹ̀mẹ̀ lọ, kí ó la Cotonou, Lomé àti Accra kọjá, láìtọrọ físà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kà á dé ìsàlẹ̀: 90 ọjọ́ péré ni. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ gbàṣẹ. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ní oṣù January 1983, ìjọba wa fún àwọn àjòjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kó ẹrù wọn. Báàgì tí ọ̀pọ̀ ará Ghana fi dẹrù, Ghana Must Go là ń pè é dòní. Kí àdéhùn tó wà rárá, lọ́dún 1969, ọ̀sẹ̀ méjì náà ni Ghana fún àwọn èèyàn tiwa.

Lọ́dún 2018, Rọ́ṣíà ní kí ẹni tó bá ní tíkẹ́ẹ̀tì Ife Àgbáyé àti káàdì òǹwòran, Fan ID, máa wọlé láìgba físà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti dá ọjọ́ 25 oṣù July fún àlejò láti kúrò. Síbẹ̀, àwọn ọmọ Nàìjíríà kan há sí Moscow. Oníjìbìtì ti tan àwọn mìíràn pé iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀. Ìjọba ló padà kó wọn wálé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba, ẹ wo ọjọ́ tí ẹ ó kúrò kí ẹ tó wo ọjọ́ tí ẹ ó wọlé. Àlejò tó mọ ọjọ́ ilé ni wọ́n ń sìn sọ́nà. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n, wọ́n á lé e ni.