Ẹfúnṣetán Mélòó Ló Wà?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ni a máa ń fi òwe yìí ṣe, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ó kan ìtàn náà. Ìtàn kan náà, tá a bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni mẹ́ta, ó máa ń dùn ju ìtàn tuntun mẹ́ta lọ, torí pé ibi tí ẹnu wọn ò ti kò ni a ti máa ń rí ọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ ẹnu ẹnì kan ṣoṣo la ti gbọ́ ọ ńkọ́? Ẹjọ́ la ti dá yẹn o.

Ẹ gbé e wò báyìí. Ẹ wọ ọkọ̀ láti Ìbàfò lọ sí Mòwé, tàbí kẹ́ ẹ yà sí ọjà Ìfọ̀, kẹ́ ẹ béèrè ẹni tí Ẹfúnṣetán Aníwúrà jẹ́. Ọ̀pọ̀ ni yóò dáhùn pé, "Háà! Obìnrin òṣìkà Ìbàdàn yẹn, tó ń pa ẹrú tó bá lóyún!" Ibo ni wọ́n ti gbọ́ ọ? Nínú fíìmù ni, tàbí nínú ìwé eré tí wọ́n kà nílé ẹ̀kọ́. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé ilẹ̀ Ẹ̀gbá la dúró sí tá a ti ń sọ ọ́. Mòwé àti Ìbàfò wà ní Ọbáfẹ́mi-Owódé, Ìfọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá sì ni bàbá tó bí Ẹfúnṣetán. Ọmọ ilé la ń bú, a ò tiẹ̀ mọ̀.

Ìtàn tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ kò lọ báyẹn tààrà. Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Ó ní Àárẹ Látòósà ka ẹ̀sùn mẹ́ta sí Ìyálóde lẹ́sẹ̀ ní 1874: kò bá òun lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, kò sì jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi nígbà tí òun ń bọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, wọ́n yọ ọ́ lóyè. Ó san owó ìtanràn, kò gbà á sílẹ̀. Ní òru ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹfà, ẹrú rẹ̀ méjì pa á lójú oorun. Ọmọ tó gbà tọ́ ni wọ́n fún ní rìbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ tún wá là wá lójú sí i: obìnrin yìí ń ta ohun ìjà fún àwọn ológun, ó lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ ìlú, kò sì fara mọ́ ogun àjàìsimi Látòósà. Ẹ fi èyí kún un pé ní 1860, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí kú sórí ìkúnlẹ̀.

Akínwùmí Ìṣọ̀lá ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà tó kọ eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1970. Níbẹ̀, Ìyálóde ṣòfin pé ẹrú òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún. Adétutù lóyún fún Ìtáwuyì, ikú ló fi ṣe èrè. Nígbà tí Látòósà ṣẹ́gun Ìyálóde, májèlé ló gbé jẹ. Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀sùn mẹ́ta ti di ẹ̀sùn kan. Ẹni tí wọ́n pa lójú oorun ti di ẹni tó pa ara rẹ̀. Ìjà oyè ti di ìjà òṣìkà àti ẹni tí wọ́n ń ni lára.

Ṣùgbọ́n n kò ní pe Ìṣọ̀lá ní onírọ́ o. Nínú ìwé Johnson, àwọn ìjòyè ló ń sọ̀rọ̀, ẹrú ò lẹ́nu. Ìṣọ̀lá ló fún àwọn ẹrú lórúkọ, tó fún wọn ní ìfẹ́ àti ẹkún. Ẹrú rẹpẹtẹ ni Ìyálóde ní lóko àti nílé, ta ló tíì bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ rí kí Ìṣọ̀lá tó dé? Olùpẹ̀jọ́ mìíràn ló mú wá.

Lẹ́yìn náà ni Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ìṣọ̀ Pepper, àti ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ gbé e sórí ìtàgé, Bánkọ́lé Bello sì darí fíìmù rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ìyábọ̀ Ògúnṣọlá ló ṣe Ẹfúnṣetán. Ìwé, o lè dá a dúró, kó o padà sẹ́yìn, kó o ro ìbànújẹ́ obìnrin tí kò rọ́mọ gbé jó. Fíìmù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ojú kan, ohùn kan, ó ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn, ó di òótọ́. Ẹni tí kò ka ìwé rí náà ti mọ Ẹfúnṣetán, tàbí kó rò pé òun mọ̀ ọ́n.

Ní 1983, Ìṣọ̀lá yìí kan náà kọ Olú Ọmọ, eré Tinúubú, Ìyálóde Ẹ̀gbá. Tinúubú náà ta ẹrú, ó ta ohun ìjà, ó bá òyìnbó fa wàhálà. Akọni ni wọ́n fi ṣe. Òǹkọ̀wé kan, Ìyálóde méjì, ìdájọ́ méjì! Ibi tó gbé fìtílà sí ló yàtọ̀.

Ẹ wá wo ìtàn tó rí ẹnu púpọ̀. Lẹ́yìn tí Aláàfin Ládìgbòlù wàjà ní òpin 1944, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ò jẹ́ kí Olókùn Ẹṣin bá ọba lọ, ọmọ rẹ̀ ló kú dípò rẹ̀. Dúró Ládiípọ̀ fi ṣe Ọba Wàjà ní 1964, ọ̀dọ̀ òyìnbó ló ti ẹ̀bi sí. Ní 1975, Wọlé Ṣóyínká kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó sọ ọmọ náà di akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tó ti ìlú òyìnbó dé, ó sì kọjú ìbéèrè sí Ẹlẹ́ṣin fúnra rẹ̀: ṣé ayé ò ti dùn mọ́ ọ jù? Ìṣọ̀lá dá a padà sí Yorùbá ní 1994, ó pè é ní Ikú Olókùn Ẹṣin. Ní 2022, Bíyìí Bándélé sọ ọ́ di fíìmù Ẹlẹ́ṣin Ọba. Títí di òní, tí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta bá jókòó, wọ́n á jiyàn lórí ẹni tó jẹ̀bi. Ìyẹn gan-an ni adùn rẹ̀.

Ẹfúnṣetán ò rí irú oríire yẹn. Eré kan àti fíìmù rẹ̀ borí gbogbo ohùn yòókù. Ẹnikẹ́ni ò ní ká fọ̀ ọ́ mọ́ o, ọwọ́ rẹ̀ ò mọ́. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé ká tún un sọ. Kí ẹnì kan sọ ọ́ lẹ́nu ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú sórí ìkúnlẹ̀. Kí ẹlòmíràn sọ ọ́ lẹ́nu ẹrú méjì tó pa á. Kí ẹnì kan sọ ọ́ lẹ́nu àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ ní Ẹ̀gbá, lọ́jọ́ tí ìròyìn ikú rẹ̀ dé bá wọn. Ìwé wa yìí kò tóbi, fọ́tòkọ́pì lásán ni, ṣùgbọ́n àyè wà nínú rẹ̀ fún ẹlẹ́rìí kan sí i.