Ta Ló Ń Fẹsẹ̀ Falẹ̀ Gan-an?

Tí ọmọ Àìlégùn kan bá dé ibi iṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó ní aago mẹ́sàn-án dípò aago mẹ́jọ, ọ̀gá rẹ̀ kì í sábà bi í pé ọ̀nà wo ló gbà. Ohun tó máa sọ ni pé, “Ìwọ yìí, o kàn ń fẹsẹ̀ falẹ̀ ni.” Ọmọ náà á ní, “Ẹ má bínú, sà, go-slow ni.” Àkókò tó ṣòfò ni àwọn méjèèjì ń sọ, àmọ́ ibi tí kálukú gbé ẹ̀bi lé yàtọ̀ síra. Ìyàtọ̀ yẹn ní ìtàn, àwa tí à ń gba Òṣòdì kọjá lójoojúmọ́ ló sì yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Fẹsẹ̀ falẹ̀ ni kí èèyàn máa fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ nígbà tó yẹ kó gbé e. Ìyá tó rán ọmọ níṣẹ́ ló máa ń sọ ọ́: “Má lọ fẹsẹ̀ falẹ̀ o!” Àwọn àgbà náà ló ní ìjáfara léwu. Ọ̀rọ̀ méjèèjì bá ayé tí a ti ń fẹsẹ̀ rìn mu. Ẹsẹ̀ tìẹ ni, ọ̀nà ṣófo níwájú rẹ, tí o bá pẹ́, ìwọ lo pẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì rí nígbà tí rélùwéè dé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ojú irin láti Èkó ní 1896, ó dé Ìbàdàn ní 1901, Òṣòdì sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Rélùwéè ò mọ “lẹ́yìn ìrun” tàbí “tí oòrùn bá rọlẹ̀”. Aago ló mọ̀. Ẹni tó bá pẹ́, ọkọ̀ á já a sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa bá a kẹ́dùn.

Àwọn ọdún 1970 ló da gbogbo ẹ̀ rú. Owó epo dé, Èkó ni olú ìlú, tilé-toko sì ń wọ́ bọ̀ wá síbẹ̀. Ní 1975, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbéra sókè, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Udoji, ọ̀pọ̀ sì ra mọ́tò. Mọ́tò ń pọ̀ sí i, ọ̀nà ò lè gbà wọ́n mọ́.

Ìgbà yẹn ni go-slow gba ẹnu gbogbo ará Èkó. Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, go-slow ni kí òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ máa fa iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti fi bá ọ̀gá jà. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Kódà, Fẹlá ti fi sọ orin kan lórúkọ ní 1972, nínú àwo Roforofo Fight.

Ṣé ẹ rò pé orí ilẹ̀ nìkan ló mọ? Ní 1975, go-slow dé orí òkun. Ìjọba ológun ti ra sìmẹ́ǹtì tó tó nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, ó sì ju ohun tí èbúté Èkó lè gbà lọ fíìfíì. Ọkọ̀ ojú omi tó lé ní 400 tò sílẹ̀, wọ́n ń retí àyè. Àmọ́ wọn ò dúró lásán: Nàìjíríà ń jẹ gbèsè owó ìdúró fún àwọn ọjọ́ tí wọ́n fi ṣòfò. Ẹ wò ó dáadáa. Lọ́dún kan náà, nínú ìlú kan náà, àkókò ọkọ̀ àjèjì ní iye. Àkókò ẹni tó há sínú mólùè ní Òṣòdì ò ní iye kankan. Òun ni wọ́n tún máa sọ fún pé ó ń fẹsẹ̀ falẹ̀.

Go-slow ò mọ olórí ìlú. Ní ọjọ́ 13 Oṣù Kejì 1976, inú ẹ̀ ní Ìkòyí ni mọ́tò Ọ̀gágun Murtala Muhammed wà nígbà tí àwọn ọmọ ogun tó fẹ́ gbàjọba yìnbọn pa á. Pápákọ̀ òfuurufú tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè wà nítòsí Òṣòdì, go-slow sì ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn pàdánù báàlù níbẹ̀.

Ní ìparí àwọn ọdún 1970 yẹn, ìjọba fi nọ́ńbà pín mọ́tò sí méjì: àwọn kan á jáde lónìí, àwọn yòókù á jáde lọ́la. Kí ni àwọn olówó ṣe? Wọ́n ra mọ́tò kejì. Ẹni tí ò ní ẹyọ kan ṣì ń dúró de mólùè.

Yorùbá náà ní ọ̀rọ̀ fún un: súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. “Fà” tó wà nínú fẹsẹ̀ falẹ̀ ló tún wà níbí, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ̀ ló ń fà, èèyàn kàn jókòó sínú ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yìí gba arìnrìn-àjò sílẹ̀. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ó gba gbogbo èèyàn sílẹ̀, àfi bíi pé òjò ló rọ̀.

Òṣòdì sì ti jẹ́ ká rí i pé kì í ṣe òjò. Ní Oṣù Kìíní 2009, ìjọba Fashola wó àwọn ìsọ̀ tó ti jẹ ojú títì. Ọ̀nà là, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ oníṣòwò pàdánù ibi tí wọ́n ti ń jẹun. Ní Oṣù Kẹrin 2019, wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ńlá mẹ́ta síbẹ̀. Èèyàn ló ń fa súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, èèyàn ló sì lè dín in kù.

Torí náà, ẹ jẹ́ ká máa lo ọ̀rọ̀ síbi tó yẹ ẹ́. Ẹni tó ń tẹ fóònù títí aago fi kọjá, ó ń fẹsẹ̀ falẹ̀, ká sọ fún un. Ẹni tó jáde ní Àìlégùn ní aago márùn-ún, tí aago mẹ́jọ bá a ní Òṣòdì, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló mú un, ká yéé bú u. Tí wọ́n bá sì ti gba owó iṣẹ́ ọ̀nà tí wọn ò ṣe é, àwa náà lẹ́nu láti sọ fún wọn pé, “Ẹ̀yin lẹ̀ ń fẹsẹ̀ falẹ̀.”