Mercedes-Benz: Ìtàn Ọkọ̀ Oníràwọ̀ àti Bí Ó Ṣe Gba Iyì Rẹ̀

Mercedes-Benz jẹ́ ọkọ̀ ilẹ̀ Jámánì, ìlú Stuttgart sì ni olú ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é wà. Orúkọ ẹni méjì ló para pọ̀ di orúkọ rẹ̀. Mercédès jẹ́ ọmọdébìnrin kan; Karl Benz sì jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wá bí ọkọ̀ yóò ṣe máa dá rìn láìsí ẹṣin níwájú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọkọ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní mẹ̀sí ọlọ́yẹ́, nítorí pé ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ ní ọ̀sán gangan yóò máa gba atẹ́gùn tútù bí ẹni pé ọyẹ́ ló ń fẹ́. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ènìyàn ti ń ka ọkọ̀ oníràwọ̀ yìí sí ọkọ̀ ọlọ́lá. Kì í ṣe ẹwà rẹ̀ nìkan ló fún un níyì yìí. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti dán an wò, lójú gbogbo ènìyàn. Nígbà tó bá yege, iyì rẹ̀ a pọ̀ sí i. Nígbà tó bá kùnà, iyì náà a wọmi.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1886, Karl Benz tó ń gbé ìlú Mannheim mú ìwé tọ ìjọba Jámánì lọ pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ló ni ọkọ̀ tuntun kan tí òun ṣe, kí ẹlòmíràn má baà gbà á mọ́ òun lọ́wọ́. Nọ́ńbà tí wọ́n fún ìwé náà ni 37435. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ọkọ̀ náà ní. Agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tó ti ẹṣin kan, kì í sì í sáré ju nǹkan bíi kìlómítà 16 lọ ní wákàtí kan. Nígbà tí Benz wà á jáde sí ìgboro Mannheim lọ́dún náà, àwọn ará ìlú wò ó bí ẹni ń wo ìran, ṣùgbọ́n wọn kò yọ owó jáde láti rà á. Wọn kò mọ̀ bóyá ó lè gbé ènìyàn lọ sí ọ̀nà jíjìn kó sì gbé e dé.

Ìyàwó rẹ̀, Bertha, ló dá wọn lóhùn. Obìnrin yìí ti fi owó tí àwọn òbí rẹ̀ yà sọ́tọ̀ fún ìgbéyàwó rẹ̀ gba ibi iṣẹ́ Benz sílẹ̀ kí wọ́n tó di tọkọtaya, nítorí náà àṣeyọrí ọkọ̀ náà kan òun náà gbọ̀ngbọ̀n. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹjọ ọdún 1888, láìsọ fún ọkọ rẹ̀, ó mú àwọn ọmọkùnrin wọn méjì, Eugen àti Richard, ó wa ọkọ̀ náà láti Mannheim lọ sí Pforzheim níbi tí ìyá rẹ̀ ń gbé. Ìrìn náà lé ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Kò sí ilé epo kankan láyé ìgbà náà. Ilé ìpoògùn kan ní Wiesloch ló ti ra oríṣi epo tí wọ́n fi ń yọ àbàwọ́n aṣọ, ó sì rọ ọ́ sínú ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí ihò tí epo ń gbà kọjá dí, abẹ́rẹ́ tó fi de fìlà mọ́ irun ló fi tọ́ ọ. Nígbà tí bíréèkì onígi rẹ̀ jẹ tán, ó tọ aránbàtà kan lọ kó bá òun kan awọ mọ́ ọn. Wọ́n dé Pforzheim kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú pátápátá, wọ́n sì tún wa ọkọ̀ náà padà wálé ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà. Awọ orí bíréèkì náà di ohun tí Benz ń fi sára ọkọ̀ rẹ̀, ó sì fi gíà kan kún un nítorí pé ọkọ̀ náà kò lè gun òkè dáadáa. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi máa parí, ilé-iṣẹ́ Benz ló ń ṣe ọkọ̀ jù lọ ní gbogbo ayé.

Ní ìgbà kan náà tí Benz ń ṣe tirẹ̀, Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach náà ń ṣe ẹ́ńjìnnì ní Cannstatt, lẹ́bàá Stuttgart, láìbá Benz da iṣẹ́ pọ̀. Ní 1885, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì wọn sórí kẹ̀kẹ́ onígi. Ní 1886, wọ́n gbé e sínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ẹṣin máa ń fà. Wọ́n sì tún gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi. Èrò Daimler ni pé kí ẹ́ńjìnnì òun ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀, lórí omi àti nínú afẹ́fẹ́. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1890, òun fúnra rẹ̀ sì kú ní oṣù Kẹta ọdún 1900.

Ọdún tó kú náà ni orúkọ Mercedes wọlé. Emil Jellinek, oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ Áústríà, ń gbé ìlú Nice ní etí òkun Faransé, níbi tí àwọn ọlọ́lá Yúróòpù ti máa ń lo ìgbà òtútù. Ó ń ra ọkọ̀ Daimler, ó ń tà á fún wọn, ó sì ń fi í dije. Orúkọ tó fi ń wọ ìdíje kì í ṣe tirẹ̀ bí kò ṣe ti ọmọbìnrin rẹ̀ Mercédès, tí wọ́n bí ní 1889. Láti inú èdè Sípéènì ni orúkọ náà ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì jẹ mọ́ àánú. Ní oṣù Kẹta ọdún 1900, awakọ̀ Daimler kan kú nínú ìdíje gígun òkè tó wà láàárín Nice àti La Turbie. Ọkọ̀ ayé ìgbà náà ga, ó kúrú, kò sì nira fún un láti takìtì ní kọ́nà. Dípò kí Jellinek jáwọ́, ó ní kí wọ́n ṣe èyí tó gùn, tó fúyẹ́, tó sì sún mọ́ ilẹ̀, kí wọ́n sì fi orúkọ ọmọ òun pè é. Owó ló fi ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn: ó ní kí wọ́n ṣe ọkọ̀ 36 fún òun, iye rẹ̀ sì jẹ́ 550,000 máàkì.

Maybach ló ṣe ọkọ̀ náà. Agbára ẹṣin 35 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní, rédíétọ̀ rẹ̀ sì ní ojú wẹ́wẹ́ bí afárá oyin, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná jù. Àkọ́kọ́ nínú wọn tẹ Jellinek lọ́wọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 1900. Nígbà ìdíje Nice ní oṣù Kẹta 1901, kò sí ọkọ̀ tó lè bá a dọ́gba. Àwọn yòókù tó ń ṣe ọkọ̀ rí i pé ayé kẹ̀kẹ́ tí wọ́n kàn ki ẹ́ńjìnnì bọ̀ ti parí. Ní 1902, ilé-iṣẹ́ náà forúkọ Mercedes sílẹ̀ lábẹ́ òfin gẹ́gẹ́ bí orúkọ ọjà rẹ̀. Jellinek fúnra rẹ̀ so orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́ tirẹ̀ ní 1903, ó di Jellinek-Mercédès. Ó wá dà bí ẹni pé ọmọ ló sọ bàbá lórúkọ.

Ìràwọ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Daimler ti fi ìràwọ̀ sàmì sí ilé rẹ̀ lórí àwòrán kan tó fi ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀ láyé àtijọ́, ó sì ní ìràwọ̀ náà yóò tàn sórí iṣẹ́ òun lọ́jọ́ kan. Àwọn ọmọ rẹ̀ rántí ọ̀rọ̀ yìí, ilé-iṣẹ́ náà sì forúkọ ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1909. Ẹnu mẹ́ta náà dúró fún ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, owó Jámánì bàjẹ́, ọkọ̀ kò tà mọ́. Ilé-iṣẹ́ Benz àti ti Daimler tí wọ́n ti ń bára wọn dije láti ìgbà tó ti pẹ́ wá fọwọ́ sowọ́ pọ̀, wọ́n sì di ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, Daimler-Benz, ní oṣù Kẹfà ọdún 1926. Ewé lọ́rẹ́lì tó jẹ́ àmì Benz yí ìràwọ̀ Daimler ká.

Ibi tó dúdú jù lọ nínú ìtàn náà ló tẹ̀ lé e. Ní àwọn ọdún 1930, ọkọ̀ Mercedes fàdákà ń borí nínú ìdíje, ọkọ̀ ńlá 770 sì ń gbé Adolf Hitler kiri níwájú ọ̀pọ̀ èrò. Ilé-iṣẹ́ náà ṣe ọkọ̀ ogun àti ẹ́ńjìnnì bàálù fún ìjọba Nazi. Nígbà tó fi máa di 1944, nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni kò wá tinútinú: àwọn tí wọ́n fipá kó láti ilẹ̀ mìíràn, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun, àti àwọn tí wọ́n kó láti àgọ́ ìfìyàjẹni. Ó di 1988 kí ilé-iṣẹ́ náà tó ya 20 mílíọ̀nù máàkì sọ́tọ̀ nítorí ìyà tí àwọn wọ̀nyí jẹ. Ẹni tó bá ń ka iyì orúkọ yìí gbọ́dọ̀ ka gbèsè yìí mọ́ ọn.

Bọ́ǹbù ti ba ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ náà jẹ́ kí Ogun Àgbáyé Kejì tó parí ní 1945. Láti orí ọkọ̀ kékeré 170 ni wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀ ní 1946. Ní 1951, wọ́n gbé 300 jáde, èyí tí Konrad Adenauer, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì, ń lò débi pé orúkọ rẹ̀ ni àwọn ènìyàn fi ń pe ọkọ̀ náà. 300 SL tẹ̀ lé e ní 1954, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì máa ń ṣí sókè bí ìyẹ́ ẹyẹ. Àmọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà 1955, nínú ìdíje Le Mans ní Faransé, ọkọ̀ Mercedes tí Pierre Levegh ń wà fò wọ àárín àwọn òǹwòran. Levegh kú, àwọn òǹwòran tó lé ní ọgọ́rin náà kú. Ní ìparí ọdún náà ni ilé-iṣẹ́ náà fi ìdíje sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá kó tó padà síbẹ̀.

Ààbò ẹ̀mí ló wá di ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Béla Barényi, onímọ̀ ẹ̀rọ tó dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1939, rí ohun kan tó ta ko èrò gbogbo ènìyàn. Àwọn ènìyàn gbà pé ọkọ̀ tó bá le gbagidi ló ń gba ẹ̀mí là. Barényi ní rárá: ibi tí èrò jókòó sí ni kó le, iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kó rọ̀, kó lè rún wọlé nígbà ìjàǹbá, kí agbára ìforígbárí náà sì tán síbẹ̀ kó tó dé ara ènìyàn. Ọdún 1959 ni wọ́n kọ́kọ́ ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ṣe báyìí. Ní 1978, wọ́n fi bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há sínú ọkọ̀ ńlá wọn, S-Class. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n fi àpò afẹ́fẹ́ tó ń wú jáde níwájú awakọ̀ kún un. Gbogbo ìwọ̀nyí ló ti wọ inú ọkọ̀ mẹ̀kúnnù lónìí.

Iyì ìràwọ̀ náà tún rìn pẹ̀lú agbára. Mercedes 600, tí wọ́n ṣe láti 1963 sí 1981, kò ju 2,677 lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà lọ́wọ́ àwọn olórí orílẹ̀-èdè. Ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, èdè Swahili ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ Wabenzi, ìyẹn àwọn ẹ̀yà oní-Benz, fún àwọn tó di olówó nídìí ìjọba lẹ́yìn òmìnira.

Ní Nàìjíríà, owó epo rọ̀bì àwọn ọdún 1970 sọ Mercedes di àmì ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ tẹnu. Ọ̀kan nínú wọn ṣì wà ní Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkàn, l'Ékòó. Inú Mercedes dúdú náà ni wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Mohammed, olórí orílẹ̀-èdè, sí ní Ìkòyí ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì 1976, nígbà tó ń lọ sí ibi iṣẹ́ láìsí ọ̀wọ́ ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́. Ihò ọta ìbọn ṣì wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ oníràwọ̀ kò mọ sí ti olówó. Orí Mercedes 911, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó oúnjẹ àti gẹdú, ni àwọn wélídà ti máa ń kan mọ́lúè tó ń kó èrò Èkó nígbà kan, ìjókòó àti ìdúró. Nígbà tí náírà wálẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, tòkunbọ̀, ìyẹn ọkọ̀ àlòkù láti òkè òkun, gbòde, púpọ̀ nínú wọn gba èbúté Kùtọnu wọlé. Nígbà tó yá, olùkọ́ àti oníṣòwò kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í ra 190, tí wọ́n ń pè ní Baby Benz, àti èyí tí wọ́n ń pè ní V-boot. Wọ́n mọ̀ pé kò sí ìlú tí mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n tú kò sí.

Bí orúkọ ṣe ga tó ni ìṣubú rẹ̀ ṣe máa ń dún tó. Ní oṣù Kẹwàá 1997, àwọn akọ̀ròyìn ní Sweden ń dán A-Class tuntun wò, wọ́n ń yà á sọ́tùn-ún sósì bí ẹni yẹ ẹran lójú ọ̀nà, ọkọ̀ náà sì takìtì. Ilé-iṣẹ́ náà dá títà rẹ̀ dúró, ó tún un ṣe, ó sì fi ẹ̀rọ tó ń mú kí ọkọ̀ dúró ṣinṣin nígbà tó bá ń yà sínú gbogbo wọn láìgba àfikún owó. Ní 1998, ó da ara pọ̀ mọ́ Chrysler ti Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ìdàpọ̀ náà kò so èso rere, wọ́n sì pínyà ní 2007. Láàárín àkókò náà, àwọn oníbàárà ráhùn nípa ìpẹtà àti iná ọkọ̀ tí kò ṣe é gbọ́kàn lé. Ní 2005, ó pe ọkọ̀ mílíọ̀nù kan ó lé 300,000 padà fún àtúnṣe. Ó gba ìṣọ́ra púpọ̀ kó tó gba ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ padà. Ní 2022, ilé-iṣẹ́ náà yí orúkọ ara rẹ̀ padà sí Mercedes-Benz Group.

Ọdún 2022 yìí kan náà ni wọ́n ta ọ̀kan nínú ọkọ̀ 300 SLR méjì onílẹ̀kùn ìyẹ́ tí wọ́n ṣe ní 1955, ní 135 mílíọ̀nù yúrò. Kò sí ọkọ̀ tí wọ́n tíì tà ní irú owó bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú ìgbà náà. Ìkejì rẹ̀ kù sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà ní Stuttgart. Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ilé-iṣẹ́ náà ní ìlú kan náà ni takisí 240 D kan wà, tí awakọ̀ kan ní Thessaloniki ní ilẹ̀ Gíríìsì fi rin kìlómítà mílíọ̀nù mẹ́rin ó lé 600,000 kó tó fà á lé wọn lọ́wọ́ ní 2004. Ọ̀kan jẹ́ ọkọ̀ tí owó rẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ, èkejì jẹ́ ọkọ̀ tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ fún olówó rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló gbé orúkọ náà dé ibi tó wà.