ÌTÀN ILÉ BABA ẸNI ÀTI ÀTÚNṢE RẸ̀ NÍ ÒṢOGBO ÀTI ILẸ̀ ÌJẸ̀ṢÀ

Ẹ̀yin ọmọ Òròkí àti ẹ̀yin ọmọ Ọ̀bọ̀kun, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé àti ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, lọ́dọọdún, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun tàbí Ìwúdè bá mú yín wálé, ohun tí ojú yín kọ́kọ́ ń bá pàdé ni ilé baba yín: òrùlé tí ó ti dípẹtà àti ògiri tí ó ti sán. Àwọn kan yóò wí pé kí a wó o, kí a kọ́ tuntun. Àwọn mìíràn yóò wí pé kí a tún un ṣe. Kí a tó yan ọ̀kan nínú méjèèjì, ó tọ́ kí a mọ bí ilé náà ti ṣe di ohun tí a ń wò yìí. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ìtàn kúkúrú yìí sínú ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa.

Ìtàn tí àwọn àgbà Òṣogbo sọ fún wa ni pé Lároóyè àti Olútìmẹ́hìn ti Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wá, nítorí ọ̀dá omi, wọ́n sì tẹ̀dó sí etí odò Ọ̀ṣun. Níbi tí wọ́n ti ń gé igi kí àyè ilé lè ṣí sílẹ̀, igi ńlá kan wó lu odò, ó sì fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun. Ohùn kan ké láti inú omi pé àwọn oṣó inú igbó ti fọ́ ìkòkò òun. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti bá Ọ̀ṣun dá májẹ̀mú, tí wọ́n sì ṣí kúrò létí odò lọ sí ilẹ̀ tí ó ga. Ẹ kíyè sí i pé ilé kíkọ́ ni ó bí ìṣòro àkọ́kọ́ nínú ìtàn ìlú náà: wọ́n gé igi kí wọ́n tó béèrè ẹni tí ó ni ibẹ̀ àti ohun tí ó wà níbẹ̀.

Ní ayé àtijọ́, amọ̀ ni a fi ń mọ ilé. A ó wa ilẹ̀ pupa, a ó bu omi sí i, a ó fi ẹsẹ̀ gún un títí yóò fi kúnná, a ó sù ú, a ó sì mọ ọ́n ní ipele kan. Ipele yìí gbọ́dọ̀ gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e. Nítorí náà iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn ni ilé mímọ. Ní apá Òṣogbo tí ó súnmọ́ ọ̀dàn, koríko ni a fi ń bo ilé. Nínú igbó Ìjẹ̀ṣà, ewé gbòdògì ni. Ọ̀wẹ̀ ni a ń bẹ̀ láti ṣe é. Ilé náà a yí àgbàlá ká, omi òjò a bọ́ sí àgbàlá, ojú àgbàrá kan a sì gbé e gba abẹ́ ògiri jáde. Etí òrùlé a yọ jáde gan-an, kí òjò má bàa na ara ògiri. Àwọn obìnrin ilé a máa pa ilẹ̀ àti ògiri ní ìgbà dé ìgbà. Ilé tí a kò tún ṣe lọ́dọọdún kò lè pẹ́. Àwọn baba wa mọ èyí, wọn kò sì ka àtúnṣe sí ìtìjú. Nígbà tí Ìbàdàn ṣẹ́gun Iléṣà ní 1870, ilé púpọ̀ di àlàpà. Lẹ́yìn tí ogun Kírìjì parí, tí àwọn àgọ́ ogun tú ní 1893, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà padà sí orí ilẹ̀ baba wọn. Amọ̀ tí ó ti wó, a lè tún un pò, kí a sì fi í mọ ilé.

Ní 1907 ni reluwé dé Òṣogbo, páànù sì bá a dé. Láti ibùdókọ̀ yìí ni ẹrù ti ń lọ sí Iléṣà, tí ó jìnnà tó bí ogún máìlì. Ọ̀pọ̀ ilé ni a kò wó rárá. A kàn ká koríko tàbí ewé kúrò, a sì kan páànù lé ògiri amọ̀ àtijọ́. Ewu iná dínkù púpọ̀, nítorí òrùlé koríko ni iná ń gbà bọ́ láti ilé dé ilé. Ṣùgbọ́n ooru pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé páànù wọ́n, ọ̀pọ̀ kò jẹ́ kí etí òrùlé yọ jáde tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Òjò sì bẹ̀rẹ̀ sí í na ògiri.

Bí òrùlé ti ń yí padà ni ìrísí ilé náà ń yí padà. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bràsíìlì padà sí Èkó ni ó mú irú ilé tuntun wá. Ọ̀gá bíríkìlà láàrin wọn, João Baptista da Costa, ni ó kọ́ Mọ́sálásí Shitta tí a ṣí ní Èkó ní 1894. Àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ náà gbé e wọ ìlú òkè: ọ̀nà kan la àárín ilé já, yàrá kọjú sí yàrá, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì wà lókè. Ní Iléṣà, àwọn Òṣómàáló ni ó kọ́ púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n ta aṣọ ní àwìn káàkiri, wọ́n sì lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí ó fi san owó. Owó ìlóṣòó náà ni ó di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nílé. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ ní Ewékorò ní 1960, símẹ́ńtì túbọ̀ di ohun tí gbogbo ènìyàn ń wá.

Àtúnṣe tí ó lókìkí jù lọ ní agbègbè wa ni ti ojúbọ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ní òpin àwọn ọdún 1950, ikán ti jẹ ojúbọ náà. Àwọn olórìṣà kò wó o. Wọ́n pe Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí a ń pè ní Adùnní Olórìṣà, òun àti àwọn bíríkìlà àti gbẹ́nàgbẹ́nà ìlú sì jọ tún un ṣe. Adébísí Àkànjí wà lára wọn, ẹni tí ó ti ń fi símẹ́ńtì ṣe kìnnìún fún ilé. Bẹ́ẹ̀ ni Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí àti Kàsálì Àkàngbé. Iṣẹ́ náà gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2005 ni àjọ UNESCO fi igbó náà sínú ìwé ogún gbogbo ayé. Adùnní Olórìṣà kú ní 2009. Bí a bá ti wó ohun tí ikán jẹ yẹn, kí ni gbogbo ayé ìbá wá wò?

Èmi náà ti kọ́ ẹ̀kọ́ ti ara mi. Ní ilé tiwa, a fi símẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀ tinú tòde. Ó dán fún ọdún díẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó sì ń jábọ́. A fẹ́ rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì, kí àgbà ọ̀mọ̀lé kan tó fi ìka kan ògiri, tí ó sì béèrè pé, “Níbo ni omi ilé yìí ń gbà jáde?” Nígbà náà ni a rántí pé a ti dí ojú àgbàrá nígbà tí a kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí iwájú ilé. Omi ń ti ìsàlẹ̀ gòkè, símẹ́ńtì kò sì jẹ́ kí ògiri gbẹ. Owó tí a ná lórí ìwúlé yẹn ìbá ti tó pààrọ̀ òrùlé.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ láti òkè òkun, ẹ má kọ́kọ́ ra ọ̀dà. Ẹ kọ́kọ́ pe ẹbí jọ. Àṣà wa àti ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ fẹnu kò pé ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ tún ilé ẹbí ṣe kò tìtorí bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ di tirẹ̀. Kò sì sí ẹni tí ó lè tà á láìjẹ́ pé olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí èyí yé gbogbo yín kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan, kí ìwà rere má bàa di ẹjọ́. Ẹ béèrè yàrá tí a sin àwọn baba sí, kí ẹnikẹ́ni má bàa gbẹ́ ìpìlẹ̀ lé wọn lórí. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọ̀nà omi, ẹ wá ikán, ẹ wo òrùlé. Ògiri àti ọ̀dà ni ìgbẹ̀yìn. Bí owó kò bá tó, ẹ ṣe é ní ipele ipele nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí àwọn baba wa ti ń mọ amọ̀.

Àwọn ilé kan wà tí ìpìlẹ̀ wọn ti bàjẹ́, tí wíwó yẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a gé igi kí a tó wo odò. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́: ẹ jẹ́ kí a tètè dí èyí tí ó lanu, kí àwọn ọmọ wa lè rí ilé bọ̀ sí. Ilé baba wa kò ní dahoro. Àṣẹ.